Ìkòkò Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìfófó Fọ̀ Mọ́

Ẹni tó bá mutí tán a máa nu ẹnu rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìfófó kì í nu tirẹ̀. Bí ó bá ti gbé ife bíà kalẹ̀, ìfófó funfun á jókòó sórí irunmú rẹ̀ bí àmì-ẹ̀yẹ láyà sójà, òun náà á sì gba ojú pópó kọjá bẹ́ẹ̀, kí ayé lè rí i. Àwọn ọlọ́fòófó ní lọ́jọ́ tí kò bá rí ọtí mu, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ló ń fi sí i. Èmi kò bá wọn dá sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìfófó náà a máa rùn bí ọṣẹ nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣe àtúnṣe kan kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìfófó kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Yunifásítì kan ṣoṣo tó wọ̀ rí ni èyí tó gbé ọtí lọ fún àwọn tó ń ṣe àríyá níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló sì gbà wọlé. Olùta ọtí ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkángun òpópónà, láàárín ìsọ̀ alápatà àti ilé tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Àga onípákó ló wà níbẹ̀, àti tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, àti fíríìjì ńlá kan tó ń kùn bí àgbà tí wọn kò fún ní oúnjẹ. Ìyẹn kò burú. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í ṣe ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n ẹ pè é ní ọlọ́tí, kí ẹ wá rí bí ojú rẹ̀ á ṣe pọ́n.

"Èmi? Ọlọ́tí? Òpìtàn ni mí! Ọtí ni mo kàn fi ń pìtàn."

Ìfófó, ọkọ ìgò! A-fi-ìtàn-ṣe-ìpanu! A-rò-rò-rò-títí-ọtí-oníbàárà-á-fi-lọ́wọ́ọ́rọ́!

Ìwé ló kó bá a. Oníbàárà kan gbàgbé ìwé ńlá kan sórí tábìlì, ìwé ìtàn ọtí bíà láti ayé àtijọ́ títí di òní, àwòrán sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dá a padà. Ó ka gbogbo àwòrán inú rẹ̀ tán pátápátá. Ojú ìwé tí kò bá ti ní àwòrán, ńṣe ló ń fò ó bí ẹni ń fo ọ̀gbàrá.

Láti ọjọ́ náà, àlàáfíà tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá wọlé wá mu ìgò kan lásán, á kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́.

"Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún sẹ́yìn," á wí, "ní ilẹ̀ Súmérì, láàárín odò ńlá méjì, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n jókòó, wọ́n ń pọn bíà."

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn apọntí ìgbà náà, òrìṣà tí àwọn ará Súmérì sì fi ọtí wọn sí lọ́wọ́, obìnrin ni. Àwọn onírùngbọ̀n tó wà nínú àwòrán, mímu ni wọ́n ń mu ún. Ẹni tí kò ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?

"Láti ibẹ̀ a dé Íjíbítì," á tún wí. "Búrẹ́dì àti bíà ni wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ fún iṣẹ́ wọn." Èyí jẹ́ òótọ́, inú mi sì dùn sí i, àfi ìgbà tó fi irọ́ tirẹ̀ sí i. "Baba ńlá baba mi ni olórí àwọn apọntí Fáráò."

"Fáráò wo?" Alápatà ló béèrè. Ojoojúmọ́ ni Alápatà máa ń ti ìsọ̀ rẹ̀ wá pẹ̀lú ọ̀bẹ lábíyá, ó ní òun ń wá atẹ́gùn.

"Èyí tó ga," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn.

À bá fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín lásán, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ, bí kì í bá ṣe pé Ẹgbẹ́ Olùta Ọtí kéde pé àwọn fẹ́ yan ilé olùta ọtí kan gẹ́gẹ́ bí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ọtí. Wọ́n á ri pátákó ńlá mọ́ iwájú rẹ̀. Ẹni tó ni ín á di Òpìtàn Àgbà Ẹgbẹ́, títí ayé. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju yàrá kan tó dojú kọ ìta àti ohun àtijọ́ díẹ̀ tí èèyàn lè wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní yàrá tó dojú kọ ìta. Ìyàwó rẹ̀ ló ní i.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Aṣọ iléèwé ló ń rán, yàrá iwájú ilé wọn sì ni ìsọ̀ rẹ̀, nítorí pé oòrùn òwúrọ̀ máa ń wọ ibẹ̀ dáadáa, èèyàn á sì rí ojú abẹ́rẹ́ láìtan iná. Ó lọ ra òwú lọ́jọ́ kan. Nígbà tó fi máa dé, àwọn máṣìnnì rẹ̀ ti wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ tapólì tó ti ya, òjò sì ń ṣú.

"Olówó orí mi," ló pè, "ta ló kó máṣìnnì mi sínú òjò?"

"Ìtàn ló kó o, ìyá ọmọ mi. Ìtàn nílò yàrá."

"Àwọn ọmọ iléèwé máa wọlé láìpẹ́. Ṣé ìtàn ni wọ́n máa wọ̀ lọ?"

"Má bínú. Ìwọ ò mọ̀ pé ìyàwó èèyàn ńlá ni ọ́."

"Èèyàn ńlá tó ń sun inú ilé tí mo fi máṣìnnì san owó rẹ̀. Ẹ ṣé o."

Ó wọ yàrá náà. Àwọn àwòrán tí ọkọ rẹ̀ gé nínú ìwé oníwé ti kún ara ògiri. Lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ìkòkò amọ̀ ńlá kan jókòó, ẹnu rẹ̀ dúdú, ìdí rẹ̀ gbòòrò bí ti olóyè. Wọ́n gbé páálí kan tì í tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí gàdàgbà: ÌKÒKÒ ỌTÍ FÁRÁÒ. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Obìnrin náà wò ó lọ wò ó bọ̀.

"Ìkòkò ìyá mi kọ́ nìyí?"

Òun ni. Ìyá rẹ̀ ló fi pọn ọtí ọkà títí tó fi dàgbà tí kò lè gbé e mọ́, tó sì fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Ìkòkò ìyá rẹ ni, mi ò jiyàn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ta ló fún ìyá rẹ? Ta ló fún ẹni tó fún un? Tí a bá ń tọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, a ò ní dúró níbì kan àfi Íjíbítì."

"Ìyá mi ra ìkòkò yìí lọ́wọ́ amọ̀kòkò. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà náà. Kí ni ọmọ ọwọ́ mọ̀ nípa ìtàn?"

Àwọn tó ń mutí ti yọjú lójú fèrèsé. Alápatà ló ṣáájú wọn. Ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n rí wọn, kò sì lé wọn lọ. Ó fi téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ó dáa. Ẹ ní òpìtàn ni yín, ọmọ apọntí Fáráò. Ẹ fi ọwọ́ ara yín pọn bíà ayé àtijọ́ nínú ìkòkò yìí. Lọ́jọ́ tí Màmá Alága Ẹgbẹ́ yín bá wá wò ó, kí ó mu ún níwájú gbogbo èèyàn. Bí ó bá ní bíà ayé àtijọ́ ni lóòótọ́, mo fi yàrá sílẹ̀ fún yín, mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, máṣìnnì mi á padà síbí lọ́jọ́ náà gan-an. Orí yín lẹ máa fi rù wọ́n."

"Orí mi?"

"Orí Fáráò ni, bí ẹ bá rí i yá."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi irunmú rẹ̀ búra. Alápatà ṣe ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ dì típẹ́típẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ iṣẹ́ ọtí á sọ pé kò ṣòro. Òótọ́ ni, kò ṣòro. A ó rẹ ọkà, a ó jẹ́ kó hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó dà á sínú ìkòkò nígbà tó bá tutù. Ìkòkò ni yóò ṣe ìyókù. Ọ̀jọ̀gbọ́n tilẹ̀ rẹ ọkà dáadáa. Ó ń kọrin sí i bó ṣe ń hù.

Ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ pe ayàwòrán pé kó wá ya òun àti ìkòkò pọ̀. Kí ayàwòrán tó dé, ó yọjú wo inú ìkòkò. Ohun kan lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú, ó nípọn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀ tó gbẹ, ó ń ta sánsán bí ọtí àná.

"Èérí!" ló kígbe. "Kí àwòrán mi jáde pẹ̀lú èérí! Èmi!"

Ó gbé kànìnkànìn. Ó gbé ọṣẹ ìfọṣọ. Ó bu bílíìsì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fọ aṣọ funfun, ó dà á sí i pẹ̀lú omi gbígbóná, ó fi í sílẹ̀ kó wọ ara amọ̀ dáadáa, ó tún padà wá, ó ha á títí inú ìkòkò fi funfun bí eyín ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ló fi òróró pa á lára níta. Àwọn àgbà ní orí burúkú kò gbọ́ ọṣẹ. Ìkòkò yìí gbọ́ ọṣẹ. Ó gbọ́ ọ dé egungun.

Àwòrán náà jáde dáadáa. Ìkòkò ń dán, irunmú ń dán. A ò mọ èyí tó jẹ́ ti Íjíbítì nínú méjèèjì.

Ó wá da omi ọkà rẹ̀ sínú ìkòkò, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé àga tì í, ó ń dúró kó hó. Kò hó. Ó ṣí i wò lọ́jọ́ kejì: ó jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọrin sí i. Kò hó. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tó rẹ sínú bàtà, ṣùgbọ́n ìfófó kankan kò yọjú.

Ó sáré lọ síbi ìwé. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ka ojú ìwé tí kò ní àwòrán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ohun tó ń mú ọtí hó ni ìwúkàrà, ohun abẹ̀mí kékeré tí ojú kò lè rí, àti pé nínú ohun tó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò ló máa ń fara pamọ́ sí láti ìgbà pípọn kan dé òmíràn; nítorí náà àwọn apọntí àtijọ́ kì í fọ inú ìkòkò wọn.

Wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀ nílé alẹtáyà.

Ó bùṣe. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló fọ̀ dànù, gbogbo ẹbí ìwúkàrà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ tọ́ dàgbà ló fi bílíìsì pa run. Ọjọ́ tí ó mọ̀ yìí sì ni ọjọ́ tí Màmá Alága ń bọ̀.

Ṣé ẹ rò pé ó jẹ́wọ́? Ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ kì í fi ìfófó sílẹ̀ lórí irunmú. Ó gbé omi ọkà náà lọ dà sẹ́yìn ilé, àní àwọn adìẹ yà fún un. Ó kó kéèsì bíà láti ṣọ́ọ̀bù, bíà ilé-iṣẹ́ tí a ń rí lórí gbogbo tábìlì, ó gbé e wọ balùwẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò náà, ó ri àwọn ìgò náà sínú agbada omi, ó sì da yìnyín lé wọn lórí kí wọ́n lè yára tutù. Lẹ́yìn náà, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. "Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń wẹ̀!"

"Ìró ìgò ni mò ń gbọ́."

"Ọ̀tọ̀ ni bí àwọn òpìtàn ṣe ń wẹ̀!"

Ó ń ṣí ìgò, ó ń dà á sínú ìkòkò. Bébà ara àwọn ìgò náà ti rọ̀ nínú omi, wọ́n ti ń ṣí kúrò, wọ́n ń léfòó káàkiri bí ewé nínú ọ̀gbàrá. Òun ń ṣà wọ́n, ó ń fún wọn sápò, ó ń bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àlejò ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ níwájú, tí ìyàwó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́yìn, kì í ní sùúrù láti ka ewé.

Yàrá iwájú kún dẹ́nu. Àwọn olùta ọtí wá láti gbogbo òpópónà, wọ́n jókòó sórí àga tí wọ́n yá, àwọn tí kò rí àga jókòó sórí fèrèsé. Màmá Alága jókòó síwájú gbogbo wọn. Ó ti ń ta ọtí kí wọ́n tó bí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Obìnrin tó sanra ni, tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́rùn, tí ohùn rẹ̀ sì lè mú ọ̀mùtí dìde kó lọ sílé láìbá ẹnikẹ́ni jà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú gígùn, irú èyí tí àwọn tó gboyè ìwé máa ń wọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló rán an, kò sì tíì rí ohunkóhun gbà fún un. Ìfófó tuntun wà lórí irunmú rẹ̀. Ìkòkò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ pupa.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló bẹ̀rẹ̀, "ìtàn bíà gùn. Nígbà tí aráyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin ọkà, òjò pa ọkà ẹnì kan, ọkà náà hù. Ó sá a, ó sè é, ó sì gbàgbé rẹ̀ sínú ìkòkò. Nígbà tó padà dé, ó ti ń hó!"

"Ẹni yẹn ti ń gbàgbé nǹkan kó tó mutí rárá?" Alápatà béèrè.

"Ẹ dákẹ́ kí ìtàn ráyè! Mo ní, bíà ìgbà náà kì í mọ́ gaara bíi tòde òní. Rárá o! Ó ki bí omi ẹrẹ̀, èèpo ọkà ń léfòó lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yí ìkòkò ká, tí wọ́n ń fi ọ̀pá oníhò gígùn fà á láti ìsàlẹ̀."

"Sítírọ́ọ̀," ni Alápatà túmọ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn.

"Wọn kò sì ní fíríìjì! Lọ́wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń mu ún. Kò sì korò bíi tòde òní. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún kọjá kí àwọn mọ́ńkì ilẹ̀ Yúróòpù tó máa fi òdòdó kan tó ń jẹ́ họ́ọ̀pù sí i. Òdòdó yẹn ló mú un korò, òun náà ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ dé, yìnyín inú ẹ̀rọ dé, ìgò dé, ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá dé, onímọ̀ kan sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ìwúkàrà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo èyí, ẹ̀yìn wa ló dé!"

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: kò sí ohun tí mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́. Ìgbà kan ṣoṣo tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ṣàṣìṣe rárá nìyẹn, kò sì sí ìgbà tí ì bá sàn fún un kó ṣàṣìṣe tó bẹ́ẹ̀.

"Paríparí rẹ̀," ló wí, ó sì na ìka sókè, "àwọn àgbà apọntí kì í fọ inú ìkòkò wọn! Àṣírí iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fọ ìkòkò ọtí, ó ti pa ọtí náà kí wọ́n tó bí i. Aláìmọ̀kan ló máa ń fọ̀ ọ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó dúró ní ẹnu ọ̀nà, wú ikọ́ kékeré kan. Bílíìsì rẹ̀ ló ń wá láti ọjọ́ yìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fa aṣọ pupa kúrò. Ìkòkò yọ, ó ń dán. Omi ń sun lára rẹ̀, ó ń kán sórí tábìlì tó, tó, tó.

Màmá Alága gbé awò rẹ̀ sójú. "Ọmọ mi, kí ló ń mú ìkòkò yìí làágùn?"

"Màmá, ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta ló fi rìn wá bá wa. Kí ẹ̀yin náà rìn bẹ́ẹ̀ wò, bóyá ẹ ò ní làágùn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ imú mọ́ ẹnu ìkòkò.

"Ó ń rùn bí ọjọ́ ìfọṣọ."

"Òórùn ìtàn ni, Màmá. Ó máa ń ṣe àjèjì sí imú tí kò bá tíì mọ́ ọn lára."

Ó nawọ́ ọ̀pá oníhò sí i. Màmá Alága tì í bọ ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó fà á. Ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n di téèpù ọrùn rẹ̀ mú lápá méjèèjì. Lẹ́yìnkùlé, ààrá sán díẹ̀ lórí tapólì tó ya.

"Ó tutù," ni Màmá Alága wí.

"Ara amọ̀ ni, Màmá. Amọ̀ máa ń mú nǹkan tutù."

"Ó tutù débi pé eyín ń ro mí. Ó sì mọ́ gaara. Mo rí ìdí ìkòkò."

"Ó... ó ti tòrò. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó."

"Ó tún korò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi aṣọ pupa nu ara ìkòkò.

"Ìwọ lo sọ ọ́ nísinsìnyí," ni Màmá wí jẹ́jẹ́, "pé òdòdó àwọn mọ́ńkì ló mú bíà korò. Báwo ni òdòdó náà ṣe dé ọ̀dọ̀ Fáráò?"

"Baba ńlá mi... ó máa ń ríran ọjọ́ iwájú."

"Ó ríran jìnnà o!" Alápatà kígbe. "Ó rí fíríìjì pẹ̀lú!"

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í sun lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n, òun àti ìkòkò jọ ń làágùn pọ̀. Màmá Alága tẹ̀ síwájú láti tún un fà, bóyá òun ṣì í mọ̀. Ó fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọnú. Kò sí ohun tó jáde. Ó tún fà á, títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

"Ó ti dí," ló wí. "Nǹkan kan dí i nísàlẹ̀."

Ẹ wo bí ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe mọ́lẹ̀! Ó fò sókè, ẹ̀wù dúdú rẹ̀ fẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ igún.

"Èèpo ọkà! Ṣé mo wí! Ṣé mi ò sọ ọ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yín dà? Èèpo ọkà ayé Fáráò ló dí i! Ẹ fà á yọ, Màmá! Kí wọ́n fojú rí ẹ̀rí!"

Màmá Alága fa ọ̀pá náà yọ. Kò tíì wò ó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ lóòótọ́, ó rọ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò wò ó. Ó gbé e sókè ju orí rẹ̀ lọ, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni gbé àsíá.

"Ẹ̀rí nìyí! Ẹ wò ó dáadáa! Ẹni tí kò bá fọ́jú, kó sọ ohun tó rí!"

Gbogbo èèyàn wò ó. Alápatà dìde lórí fèrèsé, ó na ọrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ọmọ kíláàsì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀:

"'Kì í ṣe fún ọmọdé. Ó dùn jù bí ó bá tutù. Ẹ mu ún kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.'"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ojú sókè. Bébà ara ìgò ló lẹ̀ síbẹ̀, àmì ilé-iṣẹ́ tó wà lára fíríìjì rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú àwòrán ife tó ń fófòó.

Màmá Alága bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e sójú.

"Ọtí tó lo ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta lọ́nà tí kò bàjẹ́," ló wí, "oṣù tó ń bọ̀ ló máa bàjẹ́! Ẹ gbé ife wá o, kí a yára ràn án lọ́wọ́."

Mo ti wà níbi tí èèyàn ti rẹ́rìn-ín rí, ṣùgbọ́n irú ti ọjọ́ yìí ṣọ̀wọ́n. Ẹnì kan ṣubú láti ojú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ nílẹ̀. Àwọn olùta ọtí yí ìkòkò ká pẹ̀lú ife. Ọtí tó tutù kò mọ irọ́ tí wọ́n fi gbé e wá. Wọ́n mu ún tán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbìyànjú. "Àwọn ará Íjíbítì náà," ló wí, "wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tiwọn..." Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó kọlu ìyàwó rẹ̀.

Obìnrin náà na téèpù ìwọnṣọ dí i lọ́nà.

"Màmá Alága," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé bíà ayé àtijọ́ ni?"

"Ọmọ mi, bíà ni. Kéèsì rẹ̀ pọ̀ nílé mi. Kò sí èyí tí mo pè ní ìṣẹ̀ǹbáyé nínú wọn."

"Ẹ ṣeun, Màmá." Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Olówó orí mi, òjò ti ń bọ̀."

"Jẹ́ kí àlejò lọ ná."

"Níwájú àlejò lẹ ti fi irunmú búra."

"Ẹlẹ́rìí wà níbí!" Alápatà na ọ̀bẹ rẹ̀ sókè.

Kò sí ọ̀nà míì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìfófó ká ẹ̀wù oyè rẹ̀, ó fi ṣe òṣùká, ó sì ru máṣìnnì láti ẹ̀yìnkùlé gba àárín gbogbo Ẹgbẹ́ Olùta Ọtí kọjá. Àwọn èèyàn là sí méjì fún un bí wọ́n ṣe ń là fún ọba. Ó gbé èkíní kalẹ̀, ó padà lọ gbé èkejì. Nígbà tó dé pẹ̀lú tábìlì ìránṣọ, ìfófó ti gbẹ lórí irunmú rẹ̀. Ó nù ún. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kò rí irú rẹ̀ rí.

Àwọn ọmọ wọlé iléèwé pẹ̀lú aṣọ tuntun, ìṣẹ́tí rẹ̀ gún régé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi, n kò rí ohun tí mo fẹ́ tún ṣe. Pátákó Ẹgbẹ́ lọ sí òpópónà mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń ta ọtí rẹ̀, ó tilẹ̀ ń tà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé oníbàárà lè mu ìgò rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Bí ẹnu bá ń yún un tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Súmérì, Alápatà á kàn béèrè pé, "Oṣù wo ló máa bàjẹ́?" òun á sì lọ nu tábìlì.

Ìkòkò náà wà ní yàrá iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì. Bílíìsì kò jẹ́ kó wúlò fún ọtí mọ́, nítorí náà aránṣọ fi ń kó gígé aṣọ àti àkísà sí. Ó ti kún dé ọrùn. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti kọjá, obìnrin náà á tẹ ìka mọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀, á ní:

"Ẹ wá wò ó, olówó orí mi. Ní báyìí, ó ti dàgbà lóòótọ́."